Ọwọ́ Tí Mo Fi Mú Rédíò Sátẹ́láìtì Wa

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ìròyìn kan ṣe: èmi kò dé ojú ọ̀run. Ibi tó ga jù lọ tí mo dé ni inú ọkọ̀ òfuurufú tó gbé wa lọ sí Japan, níbi tí mo ti fi orí gbá àpótí ẹrù lẹ́ẹ̀mejì kí a tó gbéra. Mo ń sọ èyí nítorí pé láti ìgbà tí mo ti padà sí Ìrèmọ ní Ifẹ̀, àwọn ènìyàn ń dá mi dúró lójú títì láti béèrè bí òṣùpá ṣe rí. Màmá kan ní Ẹnuwá ní kí n sọ òótọ́ fún òun, ṣé ó tutù níbẹ̀. Mo ní n ò dé ibẹ̀. Ó wò mí tàánútàánú, ó ní, "Ó dáa, ó yé mi. Wọ́n ti ní kí ẹ má sọ."

Ohun tí mo lọ ṣe kò tó bẹ́ẹ̀ rárá. Orílẹ̀-èdè wa ti ra sátẹ́láìtì rí lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn. Wàyí o, ó fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ bí a ti ń fi ọwọ́ ara ẹni ṣe é. Wọ́n wá ẹni méjì tí wọ́n máa rán lọ kọ́ ọ. Ẹnì kìíní ni Ràfíátù, ọmọ Ìwó, ẹ́ńjìníà gidi, tí ẹnu rẹ̀ mú ju irin iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹnì kejì ni èmi. Mi ò tíì mọ ìdí tí wọ́n fi mú mi. Mo ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò tọwọ́tẹsẹ̀, ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò sì gbè mí.

Bàbá àgbà mi ló tọ́ mi, nínú agbolé wa ní Ìrèmọ. Káfíńtà ni wọ́n. Ọwọ́ òsì ni wọ́n bí mọ́ mi, àmọ́ ìyẹn kò lè pẹ́ lọ́dọ̀ Bàbá. Bí mo bá fi ọwọ́ òsì na òòlù sí wọn ní ṣọ́ọ̀bù, wọn kò ní gbà á. Wọn kò ní bú mi, wọn kò ní nà mí. Wọ́n á kàn máa wo iwájú bí ẹni pé kò sí ẹnì kankan níbẹ̀, pẹ̀lú àtẹ́lẹwọ́ wọn lófìfo, títí n ó fi pààrọ̀ ọwọ́. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún méje, ọwọ́ òsì mi ti mọ ìwọ̀n ara rẹ̀. Ẹ fi òòlù yìí sọ́kàn.

Nígbà tí mo lọ dágbére fún wọn, wọ́n ní kí n jókòó. Ifẹ̀ pọ́ńbélé ni Bàbá ń sọ nínú ilé. Mo tún un kọ síbí ní èdè tí gbogbo wa lè kà.

"Wọ́n ní kò síná nílé, ẹ̀yin ń lọ tan fìtílà sójú ọ̀run."

Ọjọ́ kẹrin tí a ti rí iná kẹ́yìn nìyẹn.

"Kí ni nǹkan ọ̀hún máa ṣe gan-an?"

"Á máa yípo ayé, Bàbá. A máa ri àwọn ẹ̀rọ kan sínú odò káàkiri. Wọ́n á sọ fún un bí omi bá ń kún, òun náà á sì sọ fún wa kí omi tó wọlé."

"Tó bá ń kọjá lórí Ifẹ̀, ṣé á kí wa?"

"Rédíò wà nínú rẹ̀. Á máa dún."

"Ìyẹn ni pé á kí wa."

"Ó ṣeé ṣe, Bàbá."

"Káyọ̀dé! Bẹ́ẹ̀ ni àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Nínú gbogbo ìlérí tí mo ti ṣe láyé mi, òun nìkan ni mi ò kọ́kọ́ ṣírò. Ẹ ó rí ibi tó gbé mi dé.

*Ìlú òtútù*

A dé ìlú kékeré kan létí òkun nígbà tí yìnyín ti bo ilẹ̀. Mo ti ka nǹkan púpọ̀ nípa òtútù kí n tó kúrò nílé. Ohun tí mo kà kò ràn mí lọ́wọ́.

Bàbá arúgbó kan ló ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ilé ẹ̀kọ́ tí a ti fẹ́ ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, ó dìde, ó tẹrí ba fún mi. Ẹni tó dàgbà tó bàbá àgbà mi ń tẹrí ba fún mi! Ara mi kò gbà á. Mo dọ̀bálẹ̀, pẹ̀lú ẹ̀wù òtútù mi tó wú bí tìmùtìmù, lórí yìnyín. Bàbá náà pariwo. Ó sáré jáde pẹ̀lú agboòrùn, ó fi fèrè pe ẹnì kejì rẹ̀, àwọn méjèèjì sì gbé mi dìde, wọ́n ń gbọn aṣọ mi, wọ́n ń tẹ orúnkún mi wò. Wọ́n rò pé mo yọ̀ ṣubú ni. Ràfíátù, tó lè ṣàlàyé fún wọn, ti di igi mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, ní gbogbo àárọ̀ tí mo bá ń bọ̀, bàbá yẹn á ti da iyanrìn sí ibi tí mo ṣubú sí. Títí òtútù fi lọ, iyanrìn náà kò kùnà. Mo ń kọjá lórí rẹ̀ pẹ̀lú ìtìjú, mo sì ń tẹrí ba níwọ̀ntúnwọ̀nsì.

Ní ti oúnjẹ, ìrẹsì ni wọ́n ń jẹ, funfun, láìsí ọbẹ̀ lórí, bí ẹni pé ara gbogbo ìlú ni kò yá. Wọn a máa fọ́ ẹyin tútù sí i nígbà mìíràn. Mo gbé ata gígún lọ láti ilé, mo sì ń bù ú sórí nǹkan gbogbo. Ìyá tó ń bu oúnjẹ fún wa rí i, ó ní kí n fún òun tọ́ wò. Omi bọ́ lójú rẹ̀, ó jókòó, ó tún ní kí n fún òun sí i. Nígbà tí ata mi tán, òun ló ń bá mi wá ata tiwọn. Ata wọn náà ń ta, àmọ́ ó máa ń tọrọ gááfárà ná.

Nínú ọkọ̀ ojú irin, àga ẹ̀gbẹ́ wa sábà máa ń ṣófo, bí èrò tilẹ̀ kún. Ràfíátù ní nítorí àwọ̀ wa ni. Mo ní kí a má tíì dájọ́, kí a kọ́kọ́ kà á fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí a kọ àkókò sílẹ̀, kí a kọ iye àga sílẹ̀. A kà á. Nítorí àwọ̀ wa ni.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni Ó-Ṣeé-Ṣe," ni Ràfíátù wí. Orúkọ tó fún mi nìyẹn, nítorí ó ní n kì í sọ pé nǹkan rí bẹ́ẹ̀. Mo kàn máa ń sọ pé ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀. Mi ò mọ̀ bóyá ó tọ̀nà.

N kò ní parọ́ mọ́ wọn ṣá o. Ìyá kan fi ọjà tó ń tà sílẹ̀ nínú òjò láti sìn mí dé ojú ọ̀nà tí mo ń wá. N kò béèrè lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kàn dúró, mo ń wo ìwé àwòrán ọ̀nà ní orí òdì.

*Yàrá funfun*

Yàrá tí a ti ń ṣe sátẹ́láìtì kò gbọdọ̀ ní eruku. Aṣọ funfun la máa ń wọ̀ láti orí dé ẹsẹ̀, ojú nìkan ló máa ń yọ. Ràfíátù wo ara rẹ̀ nínú dígí, ó ní a dà bí egúngún tí kò rówó ra aṣọ.

Orílẹ̀-èdè mẹ́ta ló wà nínú ètò náà, tábìlì tiwa sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti àwọn ọmọ Ghana. Sátẹ́láìtì kọ̀ọ̀kan kò ju ìdajì búrẹ́dì lọ. N ò sọ ìyẹn fún Màmá tó wà ní Ẹnuwá. Nínú ìdajì búrẹ́dì yìí ni bátìrì, kámẹ́rà àti rédíò wà. Rédíò náà kò rí bí èyí tí ẹ mọ̀: pẹlẹbẹ kan ni, aláwọ̀ ewé, irú èyí tí àwọn atúnfóònùṣe ń pè ní bọ́ọ̀dù. Orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ẹyọ kan. Ẹyọ kan péré ló kù nínú kọ́bọ́ọ̀dù fún àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, fún ẹni tí tirẹ̀ bá bàjẹ́.

Ọ̀gá wa ni Ọ̀gbẹ́ni Morita, ẹni ọgọ́ta ọdún ó lé díẹ̀, tí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò pọ̀. Ní ọjọ́ kìíní, ó fi okùn kan hàn wá. Ìdè kékeré ni wọ́n fi ń de ọrùn ọwọ́. Okùn á ti ara rẹ̀ lọ sínú ihò kan lára tábìlì, láti ibẹ̀ lọ sínú ilẹ̀. Ẹ rántí bó ṣe máa ń rí nígbà ọyẹ́, tí ẹ bá ń bọ́ aṣọ, tí nǹkan á máa ta ṣẹ́ṣẹ́ lára yín. Iná ni. Kò lè pa eèrà, àmọ́ ó lè ṣe rédíò sátẹ́láìtì léṣe. Okùn náà ló ń kó iná yẹn kúrò lára ènìyàn lọ sílẹ̀.

"Bó bá pa rédíò, ó sàn," ni Morita wí. "A ó rí i, a ó pààrọ̀ rẹ̀. Ìgbà tí kò bá pa á tán ló burú. Á ṣiṣẹ́ níbí. Á yege gbogbo ìdánwò. Tó bá dé òkè, tí ooru àti òtútù bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, ọgbẹ́ inú á ṣí."

Mo kọ ọ́ sínú ìwé mi. Mo tilẹ̀ fa ilà pupa sí i nídìí.

Ihò okùn wà ní apá ọ̀tún tábìlì wa, nítorí náà ọwọ́ ọ̀tún mi ni wọ́n so. Okùn náà kò gùn. Apá òsì mi sì ni Morita máa ń jókòó sí. Á na ọwọ́ láìwo ẹ̀yìn, á dárúkọ ohun tó ń fẹ́, èmi á gbé e fún un. Ẹni tó to tábìlì yẹn rò pé ọwọ́ òsì kò lẹ́ṣẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé mo lè fi ọwọ́ òsì gbé nǹkan fún ẹni ọgọ́ta ọdún? Irọ́ ni n ó pa bí mo bá ní mo rò ó. Ká ní mo rò ó ni, n bá gbé e yẹ̀ wò fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọwọ́ mi ló ṣe é fúnra rẹ̀. Bí Morita bá ti na ọwọ́, n ó já okùn kúrò lára ìdè, n ó yí àga, n ó fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún un, n ó yí padà, n ó sì tún okùn so. Mo mọ̀ ọ́n ṣe débi pé ẹnikẹ́ni kò rí i. Oṣù kan gbáko ni mo fi ń ṣe é. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí a ṣe níbẹ̀, ó jọ pé òun nìkan ni mo yára ṣe.

Lọ́jọ́ kan tí atẹ́gùn gbẹ bí ìgbà ọyẹ́ tó le jù, Morita na ọwọ́. "Rédíò," ló wí.

Mo já okùn. Mo yí àga. Mo mú rédíò wa ní ọwọ́ ọ̀tún.

Ṣẹ́.

Kò dùn mí ju ìgbà tí eèrà kékeré bá buni jẹ níka. Mo gbé e fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbà á, gẹ́gẹ́ bí àṣà tiwọn, ó tẹrí ba díẹ̀, ó sì dúpẹ́. Èmi náà tẹrí ba. Bí àwa ọmọlúàbí méjì ṣe fi ìwà pẹ̀lẹ́ ṣe rédíò Nàìjíríà léṣe nìyẹn.

*Ọjọ́ mẹ́fà*

N ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo fẹ́ kọ́kọ́ mọ̀ dájú pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì, wọ́n dán rédíò wò, ó yege. Ní ọjọ́ kẹta, mo yá ìwé mẹ́rin nípa irú ọgbẹ́ bẹ́ẹ̀, mo sì kà wọ́n. Méjì ní ó ṣeé ṣe kó má sí nǹkan kan. Méjì ní ó ṣeé ṣe kó wà. Ní ọjọ́ kẹrin, mo ya tábìlì kan sínú ìwé mi: apá kan fún ìdí tó fi yẹ kí n sọ̀rọ̀, apá kan fún ìdí tí kò fi yẹ. Mo fún ìdí kọ̀ọ̀kan ní máàkì. Nígbà tí mo rò ó pọ̀, apá tí kò fẹ́ kí n sọ̀rọ̀ fi díẹ̀ borí. Mo tún un rò. Ó tún borí. Ó yẹ kí n ti fura sí ẹni tó ń fún wọn ní máàkì.

Ní ọjọ́ karùn-ún, Ràfíátù bá mi níbi ìdáná, mo ń wo ìrẹsì.

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú."

"Ọjọ́ mẹ́ta nìyí tí o ò tíì ta ko ọ̀rọ̀ mi. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

Mo sọ fún un.

"O já okùn?"

"Mo já a."

"Pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́?"

"Mo fẹ́ gbé e fún un ni. Ọwọ́ òsì ni ì bá…"

Ó wò mí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ọmọ Ifẹ̀! Wọ́n ti kọ́ ọ nílé jù!" Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ọdún méjì ayé rẹ̀, láti ilé dé ibí, wà nínú àpótí yẹn náà. Bí rédíò bá kú lókè, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì wa láéláé. Òkúta lásán la fi ránṣẹ́ sọ́run, pẹ̀lú àsíá wa lára rẹ̀.

"Lọ sọ fún Morita. Rédíò kan ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó tán."

"Mo fẹ́ parí ìṣírò kan ni."

"Ìṣírò wo? Ìtìjú rẹ lò ń ṣírò."

Mo ní n ó sọ ọ́ ní àárọ̀. Àárọ̀ ọjọ́ kẹfà, mo tètè dé. Mo kọjá lórí iyanrìn mi, mo wọ aṣọ funfun, mo wọlé. Ariwo ayọ̀ ni mo bá ní tábìlì àwọn ọmọ Ghana. Kofi, ọ̀gá wọn, gbá mi mọ́ra. Rédíò tiwọn ló kú lójijì ní ìrọ̀lẹ́ àná, nígbà tí a ti lọ. Àmọ́ Ọlọ́run ò sùn: ẹyọ kan wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù. Wọ́n ti fi í sí i. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa.

Mo bá wọn pàtẹ́wọ́. N ò mọ ohun mìíràn tí ènìyàn ń fi ọwọ́ ṣe ní irú àkókò bẹ́ẹ̀.

*Ìwé àṣìṣe*

Morita gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán. Ó béèrè ọjọ́ tó ṣẹlẹ̀. Mo sọ ọ́. Ó wo kọ́bọ́ọ̀dù tó ti ṣófo.

"Ọjọ́ mẹ́fà," ló wí.

Mo ti múra sílẹ̀ fún èébú. Mo ti kó èsì rẹ̀ jọ. Ká ní ó bú mi ni, n bá rí oorun sùn lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ó mú ìwé ńlá kan tó ní ẹ̀yìn búlúù láti orí pẹpẹ. Inú rẹ̀ ni gbogbo ẹni tó ti ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ń kọ àṣìṣe rẹ̀ sí: ohun tó ṣẹlẹ̀, ìdí tó fi ṣẹlẹ̀, ohun tí a ó ṣe kó má bàa ṣẹlẹ̀ mọ́. Ó ṣí ojú ewé kìíní hàn mí. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ nígbà èwe rẹ̀. Ó gbàgbé láti ṣí ìdérí ojú kámẹ́rà. Sátẹ́láìtì yẹn gòkè, ó sì ń ya òkùnkùn ní fọ́tò títí ó fi kú.

"Ó dára gan-an, òkùnkùn yẹn," ló wí. N kò mọ̀ bóyá àwàdà ni. Mo rò pé àwàdà ni.

Mo jókòó, mo kọ tèmi. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò le. Ìdí ló le. Mo kọ ọ́, mo pa á rẹ́, mo tún un kọ: *Ní ilé wa, a kì í fi ọwọ́ òsì gbé nǹkan fún àgbà.* Lójú ìwé yẹn, ó dà bí ẹjọ́ olè. Morita kà á lẹ́ẹ̀mejì.

"Ta ló kọ́ ẹ?"

"Bàbá tó bí bàbá mi ni, sà."

"Kí ni iṣẹ́ wọn?"

"Káfíńtà."

Ó mi orí, bí ẹni pé ìyẹn ti tó.

Kò sí àyè láti wá rédíò mìíràn kí wọ́n tó wá kó sátẹ́láìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ. Ohun tí a lè ṣe la ṣe: a gbé tiwa padà sínú ẹ̀rọ ìdánwò, a fi ooru jó o, a fi òtútù bò ó, ọjọ́ méjì gbáko, kó lè kú níbí bó bá fẹ́ kú. Kò kú. Mo bi Morita pé ṣé ó ti dáa báyìí.

"A ò mọ̀."

"Ìgbà wo la máa mọ̀, sà?"

"Ìgbà tó bá sọ̀rọ̀ lókè."

Ọjọ́ yẹn ni mo rántí ìlérí tí mo ṣe ní Ìrèmọ.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo dé ìdí tábìlì, mo wá Morita tì ní apá òsì. Apá ọ̀tún mi ló wà. Ó ti gbé àga rẹ̀ yípo, ó ti gbé fìtílà rẹ̀ lọ síbẹ̀, ó ti tún irin iṣẹ́ ogún ọdún tò ní orí òdì. Ó na ọwọ́ láìwò mí. Okùn mi gùn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé e fún un, láìjá nǹkan kan. Mo lọ wo ìwé ẹ̀yìn búlúù nígbà oúnjẹ. Níbi tí mo ti kọ ọ́ pé kí Káyọ̀dé má ṣe já okùn mọ́, ó ti fi gègé fa ilà sí i, ó kọ ọ̀rọ̀ tirẹ̀ sísàlẹ̀: *Àga Morita yóò wà ní apá ọ̀tún.*

*Igi afàrá*

A padà sílé. Ràfíátù lọ sí Abuja, èmi wá sí Ifẹ̀, láti máa gbọ́ ohùn sátẹ́láìtì láti yunifásítì níbí. Wọ́n ti ṣèlérí eríàlì ńlá kan fún wa tí yóò wà lórí òrùlé, tí yóò máa yí fúnra rẹ̀ tẹ̀lé sátẹ́láìtì. Nígbà tí ìròyìn dé pé wọ́n ti tú àwọn sátẹ́láìtì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sílẹ̀ ní òkè, irin tí wọ́n máa gbé eríàlì yẹn lé kò tíì dé. Mo ní kò burú, ènìyàn lè fi ọwọ́ mú eríàlì kékeré. Mo ní àwọn ọ̀pá rẹ̀. N kò ní igi tí n ó kàn wọ́n mọ́.

Bàbá àgbà mi bá mi gé igi afàrá, nítorí ó fúyẹ́. Wọ́n fá a, wọ́n fi sáńpépà dán an, wọ́n gbẹ́ ibi ìdìmú sí i bí ìdí ayùn. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín léèrè ibi tí ètò ìmọ̀ òfuurufú orílẹ̀-èdè wa dé, ẹ sọ fún un pé ó dé ṣọ́ọ̀bù káfíńtà ní Ìrèmọ.

Ní ọjọ́ kìíní, èmi nìkan ni mo lọ sórí pápá. Sátẹ́láìtì kọjá. N ò gbọ́ nǹkan kan. Fóònù mi dún.

"Ṣé o gbọ́ ọ?" ni Ràfíátù wí.

"Rárá. Ìwọ ńkọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan. Kofi ti gbọ́ tiwọn."

"Ràfíá, ó ṣeé…"

"Jọ̀ọ́. Má sọ ọ́ lónìí."

Ní ọjọ́ kejì, Bàbá ní àwọn ń bá mi lọ. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n dúró dè mí nílé. Wọ́n ní igi àwọn ni, àwọn fẹ́ rí bó ṣe ń ṣiṣẹ́. Mo gbé wọn lọ, mo gbé àga oníke kan fún wọn, wọ́n jókòó ní ẹ̀gbẹ́ mi pẹ̀lú fìlà wọn, bí ẹni tó wá ṣe alága ìpàdé.

"Ibo ló ti ń bọ̀?"

"Apá Mọdákẹ́kẹ́, Bàbá."

"Àwọn ló máa kọ́kọ́ kí?"

"Ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ ni, Bàbá."

"Hùn."

Mo há íápíìsì rédíò kékeré tó wà lápò mi sí etí, mo fi ọwọ́ ọ̀tún gbé eríàlì sókè, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ojú ọ̀run kiri. Mo gbọ́ híhó bí ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ lórí páànù lókèèrè. Ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú méjì. Gbogbo ìgbà tó ń kọjá kò lè ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Mo ń rántí Ràfíátù, mo ń rántí ọjọ́ mẹ́fà, mo ń wá gbólóhùn tí n ó fi sọ fún Bàbá pé ìkíni ò ní wáyé, àti pé ọwọ́ tí wọ́n kọ́ mi ni mo fi pa á.

Mo yí ọrùn ọwọ́ díẹ̀. *Tíí, tí, tíí.* Ohùn tín-ín-rín, bí ẹyẹ inú ìkòkò. Ó lọ. Mo dá ọwọ́ padà síbi tó wà. *Tíí, tí, tíí, tí.*

"Bàbá."

"Ó dé?"

"Ó dé, Bàbá. Òun ni. Òun ni!"

Bàbá na ọwọ́. Wọn kò wò mí. Wọ́n na àtẹ́lẹwọ́ bí wọ́n ṣe máa ń nà án ní ṣọ́ọ̀bù. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà lókè. Bí mo bá mì ín, ohùn náà á lọ, kò sì dá mi lójú pé yóò padà. Ọkàn mi sọ fún mi pé kí n pààrọ̀ ọwọ́. Ọwọ́ òsì mi ti yọ íápíìsì kí ọkàn mi tó sọ̀rọ̀ tán. Mo nà á sí wọn.

Bàbá wo ọwọ́ òsì yẹn. Wọ́n wo iwájú. Àtẹ́lẹwọ́ wọn wà lófìfo. Mo dúró gẹ́gẹ́ bí ọmọ ọdún márùn-ún, sátẹ́láìtì Nàìjíríà ń lọ lókè orí wa.

"Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá. Ó ń lọ."

Wọ́n já a gbà, wọ́n há a sí etí lórí fìlà. Ojú wọn yí padà. Mo la ẹnu láti ṣàlàyé.

"Dákẹ́," ni Bàbá wí. "Ó ń kí wa."

Wọ́n gbọ́ ọ títí ó fi wọ̀ lẹ́yìn òkè. Nígbà náà ni wọ́n yọ ọ́, wọ́n gbé e fún mi, ọwọ́ ọ̀tún sí ọwọ́ òsì.

"Ìgbà wo ló tún ń bọ̀?"

"Bíi wákàtí kan ààbọ̀ sí i, Bàbá."

"Èmi ni n ó di igi mi mú nígbà náà. Kí ìwọ lè rí ọwọ́ ọ̀tún lò."

Mo pe Ràfíátù. Mo kàn gbé ohùn tí mo ti gbà sílẹ̀ sí fóònù fún un. Ó sunkún, ó bú mi, ó tún sunkún. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ohùn ọjọ́ kan kò fi ẹ̀rí nǹkan kan múlẹ̀. Ọgbẹ́ inú lè ṣí lọ́la. Ó lè má sí níbẹ̀ rí. Mo ti kọ lẹ́tà sí Morita báyìí, ó sì fèsì pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kan: *Máa gbọ́ ọ.* Gbogbo òwúrọ̀ ni mo ń gbọ́ ọ.

A dúró sórí pápá ní ọjọ́ yẹn, a jẹ ẹ̀pà, ó sì padà dé ní àkókò rẹ̀. Bàbá ti dìde. Ọwọ́ wọn méjèèjì ni wọ́n fi gbá igi afàrá mú, wọ́n kọjú rẹ̀ sí ibi tí mo fi hàn wọ́n, apá wọn kò gbọ̀n. Nígbà tí mo gbọ́ ọ, mo yọ íápíìsì, mo ṣètò ara mi, mo sì fi ọwọ́ ọ̀tún nà á sí wọn pẹ̀lú gbogbo ọ̀wọ̀ tí wọ́n kọ́ mi.

"Ọwọ́ wo ni kí n fi gbà á?" ni Bàbá wí, láìwò mí. "Ṣé o ò rí mi ni? Há a sí mi létí."

Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi há a.